Hárúnà Ìṣọ̀lá: Olórin Àpàlà Tí Ó Di Onílé-iṣẹ́ Àwo Orin

Ní ọjà Mile 12 tí ó wà nítòsí wa níhìn-ín ní Kétu, ohun kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: ẹni tí ó gbin tòmátì kọ́ ni ó ń jẹ èrè rẹ̀ jù. Àgbẹ̀ á gbìn ín, ọkọ̀ á kó o wá láti òkè Ọya, alágbàtà á dá iye lé e, aláròóbọ̀ á bù ú sínú abọ́ kéékèèké. Kí ó tó dé inú ìkòkò ọbẹ̀, owó tí àwọn tó wà láàárín ti rí lórí rẹ̀ lè ju ti ẹni tó fi ọkọ́ kọ ebè lọ. Bí ọ̀rọ̀ tòmátì ti rí ni ọ̀rọ̀ orin rí ní ilẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Olórin ni ó ń gbin ín, ẹlòmíràn ni ó ń tà á. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti ọkùnrin kan tí kò gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀ títí láé. Orúkọ rẹ̀ ni Hárúnà Ìṣọ̀lá.

Ọdún 1919 ni wọ́n bí i, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó sì ni. Àpàlà ni orin tí ó yàn láàyò. Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n mú orin yìí gbajúmọ̀ láàárín ọdún 1930 sí 1950, ṣùgbọ́n tonílé tàlejò, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ni ó ń jó o. Ìlù, ohùn àti ọ̀rọ̀ ni ẹsẹ̀ mẹ́ta tí àpàlà fi dúró. Onílù gángan méjì a máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hárúnà, àwọn tó kù á di agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti akúbà mú, àwọn elégbè á sì wà lẹ́yìn. Kò fi gìtá tàbí fèrè òyìnbó kún un, kódà nígbà tí àwọn olórin jùjú àti háílàìfù ń fi wọ́n dárà. Ijó àpàlà kì í ṣe ijó ìkánjú. Ẹni tí ń jó o gbọ́dọ̀ fetí sí ohun tí gángan ń wí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dáhùn. Nítorí náà ni àwọn àgbà fi fẹ́ràn rẹ̀: wọ́n ń jó, wọ́n sì ń gbọ́ òwe, oríkì àti ìtàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọdún 1948, ilé-iṣẹ́ HMV gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Orin náà dá lórí Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Fún olórin tí ó ti tó ọmọ ọdún 29, irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó láti mú un padà sí iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n Hárúnà kò jókòó ti àwo tí kò tà. Ó gba òde lọ. Ó ń ṣeré níbi ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àgbà àti ìwúyè, láti ìlú dé ìlú. Eré rẹ̀ a máa gba wákàtí púpọ̀. Bí ó bá ti ń ki olóde, tí ó ń ki àwọn àlejò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa dìde láti lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Nígbà tí Orímolúsì wàjà ní àárín àwọn ọdún 1950, wọ́n tún orin náà gbé jáde láti fi ṣe ìrántí Ọba. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn rà á. Àwọn tí wọ́n ti gbọ́ ọ lóde ti ń wá ohùn rẹ̀ kiri.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Àwọn kan máa ń bu ẹnu àtẹ́ lu olórin tí ń ki olówó, wọ́n ní alágbe ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Owó òde àríyá ni owó kan ṣoṣo tí ó ń ti ọwọ́ ẹni tó gbádùn orin bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ tààrà, láìsí alágbàtà láàárín. Ti àwo kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àjèjì ni ó ni ẹ̀rọ, òun ni ó ni àmì tó wà lára àwo, òun ni ó sì ń ka iye tí wọ́n tà. Ohun tí wọ́n bá sọ fún olórin ni olórin yóò gbà. Ẹni tí kò bá rí ìwé ìṣirò kò lè jiyàn lórí èrè.

Ọdún 1969 ni Hárúnà ṣe ohun tí ìtàn kò gbọdọ̀ gbàgbé. Òun àti Ìsàíàh Kẹ́hìndé Dáíró, tí gbogbo ayé mọ̀ sí I.K. Dáíró, dá ilé-iṣẹ́ àwo orin tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní STAR. Ẹ wo àwọn méjèèjì dáadáa. Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ni ọ̀kan, olórin àpàlà. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni èkejì, olórin jùjú tí ń tẹ àkọ́díọ̀nù, tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè MBE dá lọ́lá ní ọdún 1963. Ẹ̀sìn wọn kò papọ̀, orin wọn kò jọra, ọjà kan náà ni wọ́n sì jọ ń ná. Síbẹ̀ wọ́n rí i pé ìyà kan náà ni ó ń jẹ àwọn méjèèjì.

Ohun tí ó jẹ́ kí ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ni àkókò rẹ̀. Ogun abẹ́lé kò tíì parí nígbà náà. Ọdún 1970 ni Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tirẹ̀. Kí ó tó dìgbà náà, òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1911 ni a ń lò. Ọdún 1972 sì ni ìjọba ológun Yakubu Gowon pa àṣẹ pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa máa ní ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àjèjì. Nítorí náà, kí ìjọba tó rántí pé ó yẹ kí ọmọ onílẹ̀ ni ilé-iṣẹ́, olórin méjì ti fi owó ara wọn ṣe é.

Ní ọdún 1971, Hárúnà gbé Òròkí Social Club jáde fún ẹgbẹ́ àríyá kan ní Òṣogbo. Nínú gbogbo orin rẹ̀, èyí ni ó lókìkí jù. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé iye tí wọ́n tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ó ṣeré dé Benin, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Ítálì, èdè Yorùbá ni ó sì fi kọrin fún gbogbo wọn.

Kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1979, ó kọ́ Phonodisk, ibi ìgbohùnsílẹ̀ ìgbàlódé, kì í ṣe ní Ìkẹjà tàbí Àpápá tí ilé-iṣẹ́ ńlá pọ̀ sí, bí kò ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Olórin tó fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ wá ní láti rìnrìn àjò lọ sí ìlú tí ọmọdékùnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ láìní nǹkan kan ju ohùn lọ. Ní 1981, Ààrẹ Shehu Shagari fi oyè MON dá a lọ́lá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1983, Hárúnà Ìṣọ̀lá kú. Ọmọ rẹ̀, Músílíù, gba iṣẹ́ náà ṣe, nígbà tí ó sì gbé Ṣọ̀yọ̀yọ̀ jáde ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì dáyé nígbà Òròkí bẹ̀rẹ̀ sí í jó àpàlà.

Lónìí, àwo ti kásẹ̀ nílẹ̀. Orí fóònù ni orin wà. Ní Kétu, ní Ìkòsí àti ní Mile 12, àwọn ọmọ wa ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo, orin wọn sì lè dé Lọ́ńdọ̀nù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà ti yí padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè 1969 kò yí padà: ta ni ó ni orin, ta ni ó ń ka owó? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọn kò kà tán, nítorí mọ́tò tàbí owó ọwọ́ díẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Hárúnà Ìṣọ̀lá fi tirẹ̀ tún un ṣe, ó sì mú ẹnìkejì mọ́ra. Kí olórin tó ń bọ̀ ka ìwé àdéhùn rẹ̀ dé ìlà tó kẹ́yìn, kí ó wá agbẹjọ́rò tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí ó sì wá olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lè jọ ṣe é. Bí àgbẹ̀ bá lè ní ìsọ̀ tirẹ̀ lọ́jà, ẹnu rẹ̀ yóò wọ ọ̀rọ̀ iye.