Iná Tí Ń Tọ́ Ọmọ Adìyẹ Dàgbà

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ lásìkò ọyẹ́, tó bá sun Fìdítì tàbí Iware mọ́jú, yóò mọ̀ pé òtútù àgbègbè Afijio kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú bí ẹni pé wọ́n dáná síni lórí. Bó bá di aago mẹ́ta òru, eyín á máa gbá ara wọn. Àgbàlagbà á fa aṣọ bora, ọmọ ọwọ́ á sún mọ́ ìyá rẹ̀. Òròmọdìyẹ tí wọ́n fi páálí kó dé láàárọ̀ ńkọ́, èyí tí kò mọ ìyá, tí ìyá kò mọ̀ ọ́n? Ìtàn bí a ṣe ń wá ooru fún ẹran kékeré yìí, láti abẹ́ apá ìyá adìyẹ títí dé orí gáàsì, ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lóṣù yìí. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ adìyẹ lásán ni. Owó ń bẹ nínú ẹ̀, ẹ̀mí èèyàn náà sì ń bẹ nínú ẹ̀.

Láyé àwọn baba wa, ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá. Àgbébọ̀ adìyẹ á sàba, á pamọ, á fi apá bò wọ́n, ó parí. Ara adìyẹ gbóná ju ara èèyàn lọ: tiwa jẹ́ nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tirẹ̀ tó 41. Yàrá tó níná ni abẹ́ apá ìyá adìyẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni apá kan lè bò? Mẹ́wàá, méjìlá. Àwòdì á gbé méjì, ológbò á gbé ọ̀kan, èyí tó kù la ó fi ṣọdún. Wọ́n ní òròmọdìyẹ ò mọ àwòdì, ìyá ẹ̀ ló màṣá. Ìyá ẹ̀ náà ló mọ òtútù. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò ní ìyẹ́ gidi, irun múlọ́múlọ́ ló bò ó, ara ẹ̀ kò sì lè dá ooru tirẹ̀ dúró. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tó bá wà gbọ́dọ̀ gbóná tó 32 sí 35. Lẹ́yìn náà, a lè máa fi nǹkan bí 3 dín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ á fi hù.

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá adìyẹ o. Àwọn ará Íjíbítì ti ń fi ààrò alámọ̀ pa ẹyin láti ayé àtijọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran gbígbẹ dáná sí i. Wọn ò ní òṣùwọ̀n ooru kankan. Ẹni tó ń ṣọ́ ààrò á mú ẹyin, á fi kan ìpéǹpéjú ara ẹ̀, ó ti mọ̀ bóyá ó gbóná jù tàbí kò tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Faransé kan, Réaumur, kọ ìwé nípa ọgbọ́n yìí ní 1749. Ní 1879, ní Petaluma ní ìpínlẹ̀ California, Lyman Byce ṣe ẹ̀rọ ìpamọ tó mú kí ìlú náà di ìlú adìyẹ. Ohun tó sì jẹ́ kí òwò náà tàn kálẹ̀ ni pé ọmọ adìyẹ á gbé ìyókù pupa ẹyin sínú ikùn jáde kúrò nínú èèpo, oúnjẹ yẹn lè gbé e fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ lè dì í sínú páálí lónìí, kó dé ìlú mìíràn lọ́la, kò ní kú ebi. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé, òtútù ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Nílẹ̀ tiwa, ní nǹkan bí 1959 sí 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ibùdó àgbẹ̀, wọ́n wo àwòkọ́ṣe àwọn ará Ísírẹ́lì. Olóyè Akin Deko wà nídìí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde ìwé ni wọ́n fẹ́ kó lọ síbẹ̀, kí wọ́n má baà máa sá lọ sígboro. Ọ̀kan nínú àwọn ibùdó náà wà ní Ìlọrà, lágbègbè Afijio wa níbí. Ká sòótọ́, ètò náà kò rí bí wọ́n ṣe rò ó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló dẹrù padà. Síbẹ̀ ojú ti là. Ní 1963, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ ẹran sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ọ̀rọ̀ adìyẹ àgọ́ sì di òwò gidi. Nígbà tó di 2003 tí ìjọba ní kí wọ́n má kó adìyẹ yìnyín wọlé mọ́, àwọn tí kò tíì sin adìyẹ rí náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé adìyẹ. Lónìí, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìpamọ ńláńlá orílẹ̀-èdè yìí, Amo Farm Sieberer, Awẹ́ ló wà, ìjọba ìbílẹ̀ Afijio kan náà.

Kí la wá fi rọ́pò ìyá adìyẹ? Àwọn kan gbé lántànì kẹrosíìnì sáàárín páálí. Ó dára fún ogún ọmọ, kò dára fún ẹgbẹ̀rin. Àwọn kan gbé sítóòfù sábẹ́ páànù. Èéfín á kun gbogbo ilé, àwọn ọmọ adìyẹ á dúdú bí ẹni tó ń ṣe mẹkáníìkì. Èyí tó wá pọ̀ jù ni ìkòkò èédú, nítorí èédú kò wọ́n, kì í sì í rú èéfín tójú ń rí. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ẹ̀ wà.

Àbúrò ìyá mi kan ń sin adìyẹ ní Iware. Màmá Ẹlẹ́yin ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, mo lọ lo ọlidé Kérésì lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ adìyẹ irínwó ni wọ́n kó dé, èmi àti ọmọ wọn ọkùnrin la sì ń ṣọ́ iná lóru. Ọyẹ́ mú lọ́dún náà. A fi ọ̀rá àti àpò dí gbogbo fèrèsé, a gbé ìkòkò èédú mẹ́rin kalẹ̀, inú wa dùn pé yàrá ti móoru. Bó ṣe di ọ̀gànjọ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ẹnì kejì mi ti sùn. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò gbé mi. Ọlọ́run ló ní kí Màmá Ẹlẹ́yin jí lọ tọ̀. Wọ́n ní àwọn kàn rí i pé àwọn ò gbóhùn wa. Wọ́n wọ́ wa síta bí ẹni wọ́ àpò gaàrí, a sì bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn ọmọ adìyẹ tó kú lóru ọjọ́ náà ju igba lọ. Wọn ò ṣu ìgbẹ́ kankan, wọn ò lọ́ ọrùn, wọ́n kàn sùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Aládùúgbò kan ní lúkúlúkú ni. Òmíràn ní ayé ló ṣe é.

Kì í ṣe ayé. Bí èédú bá ń jó níbi tí atẹ́gùn ò tó, ó máa ń mú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Claude Bernard, oníṣègùn ará Faransé, ló ṣàlàyé ní 1857 pé inú ẹ̀jẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń ṣọṣẹ́: ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn rere lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba, kò sì ní í jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè mọ́. Nígbà tó yá, John Scott Haldane gba àwọn tó ń wa èédú ní Ìlú Ọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa gbé ẹyẹ kékeré kan nínú àgò wọ inú ilẹ̀, torí ẹyẹ á ṣubú kí èèyàn tó mọ nǹkan kan. Ọdún 1986 ni wọ́n tó fi ẹ̀rọ rọ́pò àwọn ẹyẹ náà. Ẹ wò ó, ẹyẹ irínwó la ní nínú yàrá Iware, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń ka ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí gáàsì. Ní 1800, William Herschel, ẹni tó ń wo ìràwọ̀ ní Ìlú Ọba, fi gíláàsì pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, ó sì gbé òṣùwọ̀n ooru sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ló bá gbé ọ̀kan kọjá àwọ̀ pupa, níbi tójú ò ti rí nǹkan kan. Ibẹ̀ ló gbóná jù! Ìtànṣán tójú ò rí yìí ni a máa ń gbádùn bí a bá ń yáàrùn láàárọ̀ ọyẹ́: afẹ́fẹ́ tutù, ṣùgbọ́n ara wa ń móoru. Ẹ̀rọ gáàsì tó ń tan irú ooru yìí kì í fi gbogbo agbára ẹ̀ gbóná afẹ́fẹ́ tí yóò fò lọ sókè àjà. Ẹ̀yìn ọmọ adìyẹ àti ilẹ̀ tó dúró lé ló ń ta ooru sí.

Àwọn ará Jámánì ló gbé irú ẹ̀rọ tó ń pọ́n yòò yìí jáde láwọn ọdún 1930. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa rí róbótó bí agboòrùn, a ó fi ṣéènì so ó kọ́. Nínú àwọn ilé adìyẹ gbọọrọ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, wọ́n ń lo oríṣi mìíràn tó jẹ́ ọ̀pá irin gígùn: iná ń jó lẹ́nu ọ̀pá kan, fáànù ń ti iná àti èéfín gba inú ọ̀pá náà, páànù dídán tó wà lókè ń da ooru padà sílẹ̀, èéfín sì ń jáde síta. Bí fáànù ò bá fẹ́, ẹ̀rọ ìṣọ́ kan kò ní jẹ́ kí gáàsì ṣí rárá.

Ẹ̀gàn ni tiwa lọ́rọ̀ gáàsì. Ọdún 1956 ni wọ́n rí epo ní Oloibiri, láti ìgbà tí epo sì ti ń ṣàn ni wọ́n ti ń dáná sun gáàsì tó ń bá a jáde, tọ̀sán-tòru, nígbà tí àwa lókè níbí ń gé igi sun ún di èédú. Ilé-iṣẹ́ NLNG ní Bonny kó gáàsì àkọ́kọ́ lọ sókè òkun ní 1999. Ó di 2007 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gáàsì ìdáná fún àwa ọmọ onílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sìlíńdà wá ń wọ abúlé.

Gáàsì fúnra ẹ̀ kò ní òórùn. Àwọn ló fi òórùn burúkú yẹn sí i, ìtàn ìbànújẹ́ sì ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 1937, gáàsì jò lábẹ́ ilé ìwé kan ní New London ní ìpínlẹ̀ Texas, ẹnikẹ́ni ò gbóòórùn ẹ̀. Nígbà tí iná ṣẹ́ sí i, ó pa èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún, ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú wọn. Láti ìgbà náà ni Texas ti fi òfin dè é pé gáàsì gbọ́dọ̀ máa rùn. Gáàsì sìlíńdà tiwa tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: bó bá jò, ilẹ̀ ló ń lọ jókòó sí, níbi tí ọmọ adìyẹ wà gan-an.

Nígbà tí Màmá Ẹlẹ́yin ra ẹ̀rọ méjì, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tò ó láti Ọ̀yọ́. Mo rò pé yóò kàn ṣáná sí i ni. Rárá o. Ó kọ́kọ́ gbé sìlíńdà síta, lẹ́yìn ògiri. Ó fi ṣéènì so ẹ̀rọ kọ́, ó fi téèpù wọn gíga ẹ̀ sílẹ̀ àti sí igi àjà. Ó wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ nípa agbára gáàsì, ó fi wé rẹgulétọ̀. Ó po omi ọṣẹ, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo oríkèé róbà.

“Kí lò ń fọ̀ fún?” Màmá Ẹlẹ́yin bi í. “Ṣé ó dọ̀tí ni?”

“Kò dọ̀tí, mà. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò.”

Ibì kan hó lóòótọ́. Ó tún un dè, ó tún kùn ún. Ìgbà náà ló ṣáná. Ó dúró wo iná títí ojú ẹ̀ fi pọ́n dọ́gba yí ká. Ó ní bí iná bá ń yọ ahọ́n pupa rúsúrúsú, atẹ́gùn ò tó nìyẹn, irú ikú tí èédú ń pa ni yóò máa pa. Lẹ́yìn náà ló mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ iná pa. Màmá pariwo. Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n farabalẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan, a gbọ́ “kẹ̀”: ẹnu gáàsì ti pa fúnra ẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí iná ń lá ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Irin oríṣi méjì ni wọ́n so pọ̀ nínú ẹ̀. Ooru ibẹ̀ ń mú iná mànàmáná kékeré jáde, gẹ́gẹ́ bí Thomas Seebeck ṣe rí i ní 1821, iná kékeré náà ló sì ń di ẹnu gáàsì mú ní ṣíṣí. Bó bá tutù, ọwọ́ tú. Mo ti rí ibi tí àwọn èèyàn fi wáyà so ẹnu náà kó má baà “máa yọ wọ́n lẹ́nu”. Irú wọn ń fi ilé ìgbé gbowó ikú ni.

Ó ní kí Màmá tan án sílẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko kí ọmọ adìyẹ tó dé, kí ilẹ̀ lè gbóná. Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n wo ìjókòó wọn: bí wọ́n bá kó jọ gììrì sábẹ́ iná, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá lọ sẹ́bàá ògiri, tí wọ́n ń la ẹnu mí, ooru ti pọ̀, bí wọ́n bá tàn kálẹ̀ tí wọ́n ń jẹun, ẹ máa lọ sùn. Ó sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ dí fèrèsé òkè láé.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ó padà wá ṣe sáfíìsì. Ilé adìyẹ kì í ṣe pálọ̀: eruku oúnjẹ àti ìyẹ́ ń dí ojú iná, oró ìgbẹ́ adìyẹ ń jẹ irin. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú iná, ó pààrọ̀ róbà tí eku ti gé jẹ lábẹ́, ó nu ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ó tún fẹ́ iná pa, a tún dúró de “kẹ̀”. Ní ẹnu ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, aláǹtakùn ti ta òwú sí i kìtìkìtì.

Màmá Ẹlẹ́yin wo iye tó pè, wọ́n wo òwú aláǹtakùn tó wà lórí ìka ẹ̀.

“Ọmọ mi, nítorí èyí nìkan lo ṣe fẹ́ gba gbogbo owó yẹn?”

“Ẹ má bínú, mà. Òun nìkan ló tó pa gbogbo wọn.”

Wọ́n ka owó fún un láìyọ kọ́bọ̀, wọ́n tún bu ẹ̀bà fún un. Wọ́n fi báírò kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri. Ẹgbẹ̀ta ọmọ adìyẹ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.