Ta Ló Pa Iléèwé Jẹ? Ìtàn Àwọn Orúkọ Tí A Ń Pe Sísá Níléèwé

Láti ọwọ́ Alukoro Ẹgbẹ́

Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ́ wa dáadáa á mọ̀ pé ìwé kan wà lọ́wọ́ akápò tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kí orúkọ òun wọ̀. Ìwé owó ìtanràn ni. Ẹni tó bá pa ìpàdé jẹ láìtọrọ àyè, dandan ni kó sanwó. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti san ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí iṣẹ́ báńkì kì í jẹ́ kéèyàn tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí oṣù bá ń parí.

Lọ́jọ́ kan tí akápò ń ka orúkọ àwa ajigbèsè, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Àwọn tó ń pa iléèwé jẹ nígbà yẹn náà ló ń pa ìpàdé jẹ báyìí!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi pinnu láti kọ ìtàn àwọn orúkọ tí a ń pe sísá níléèwé sínú ìwé àjọ̀dún yìí. Ẹ̀rín pọ̀ nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀rín rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí "pa jẹ". Ẹni tó bá pa adìyẹ rẹ̀ jẹ lónìí, kò lè retí ẹyin lọ́la. Ojú yìí náà ni Yorùbá fi wo ọjọ́ tí èèyàn kò dé ibi tó yẹ kó dé. A máa ń pa iṣẹ́ jẹ, a máa ń pa ọjà jẹ, a sì máa ń pa iléèwé jẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ ìdí tí ọmọ kò fi lọ. Kò pè é ní ọmọ burúkú. Ohun tó sọ ni pé ọjọ́ kan ti lọ, kò sì ní padà wá.

Orúkọ kejì ló le. Òun ni "ìsáǹsá". Inú "sá" ló ti jáde, kò sì bẹ̀rẹ̀ níléèwé òyìnbó. Ẹni tó sá lójú ogun, ẹni tó sá fún ọ̀gá rẹ̀, ẹni tí kò ní ibi ìsinmi, ìsáǹsá ni wọ́n ń pè é. Nínú Bíbélì Yorùbá, orúkọ yìí ló já lé Káìnì lórí lẹ́yìn tó pa Ábẹ́lì àbúrò rẹ̀.

Ọmọ agbègbè wa ló sì ṣáájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì náà. Ní 1821 ni ogun kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn wa níbí. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dénú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní April 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, òun ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1843 ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Ọmọ tí wọ́n fipá mú kúrò nílé bàbá rẹ̀ ló mọ̀wé tó báyìí. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó sá àti ẹni tí wọ́n gbé lọ.

Kí iléèwé òyìnbó tó gbilẹ̀ láàárín wa, ilé kéú ti wà, iṣẹ́ òfì náà sì ti wà. Ọmọ tí kò tíì há ohun tó wà lára wàláà rẹ̀ sórí á gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí aáfà tó jókòó. Ọmọ tí ìdí ń ro nídìí òfì á ní òun fẹ́ lọ mu omi, ó di ìrọ̀lẹ́. Ìsáǹsá ni orúkọ gbogbo wọn.

Nígbà tó di January 1955, nǹkan yí padà. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olóyè S. O. Awókọ̀yà tó jẹ́ Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ló ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ láti 1952. Ní 1954, nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà. Ní 1955 wọ́n ti lé ní 811,000. Àwọn òbí wa ṣì máa ń sọ bí wọ́n ṣe ní kí àwọn gbé ọwọ́ gba orí kọjá kí ó kan etí òdìkejì, kí tíṣà tó gbà pé àwọn ti tó ọmọ iléèwé. Nígbà tó di 1979, ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè sọ ẹ̀kọ́ girama náà di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Oore ńlá ni, bí kì í bá ṣe ti ètò yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa kì bá tí lè ka ohun tí mo kọ yìí. Ṣùgbọ́n rẹ́jísítà bá a wọlé. Tẹ́lẹ̀, ọmọ tó wà lóko, oko ló wà. Nígbà tí rẹ́jísítà dé, ọmọ tó wà lóko di ọmọ tí kò sí níléèwé.

Nígbà tó fi máa kan àwa tí a ṣe girama láàárín 1990 sí 2000, ìsáǹsá ti di ọ̀rọ̀ tíṣà. Àwa ní tiwa. "Dọ́jì" ni kéèyàn wà nínú ọgbà iléèwé ṣùgbọ́n kó fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ títí tíṣà yóò fi jáde. "Fo fẹ́ǹsì" kò nílò àlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ńlá kan tàbí ọgbà ẹlẹ́gùn-ún ni fẹ́ǹsì ọ̀pọ̀ iléèwé wa. Èyí tó wá gbajúmọ̀ jù ni "stab". Ọmọ á ní, "Mo ti stab Máàsì lónìí," á sì máa fọ́nnu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó túmọ̀ sí kí a fi ọ̀bẹ gún nǹkan. Ẹ wò ó o: àwọn bàbá wa ní wọ́n pa iléèwé jẹ, àwa ní a gún un. Ọ̀bẹ kan náà ni.

Níbo là ń lọ? Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Inú igbó là ń lọ. Ìgbà máńgòrò ni iléèwé máa ń ṣófo jù. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, a ó máa ṣa èso igi òrí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó máa lá ìyẹ̀fun inú èso igi irú, á wá yí gbogbo ẹnu wa sí pupa rúsúrúsú. Ẹnu yẹn ló máa ń tú wa fó. Tíṣà kì í béèrè ohunkóhun, á kàn ní ká na ọwọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ẹ kọjá Ṣakí, ẹ wọ ilẹ̀ Benin, àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ tó ń kàwé lédè Faransé mọ gbólóhùn kan, "école buissonnière", ìyẹn iléèwé inú igbó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní "truant", ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Faransé, tó jẹ́ pé alágbe ni ó túmọ̀ sí láyé àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, "hookey" ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè tí John Bartlett tẹ̀ jáde ní 1848, àwọn kan sì gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì tó tẹ New York dó ló ti wá, láti ara eré bojúbojú. Alágbe, afarapamọ́, ìsáǹsá, apani. Níbi gbogbo, ọmọ ni wọ́n dá lẹ́bi. Kò sí èyí tó dárúkọ ẹni tó dá ọmọ dúró sílé.

Ibi tí kì í ṣe ẹ̀rín nìyí. Ọmọ kan wà nínú kíláàsì wa tí a sọ ní Ìsáǹsá. Á wá fún ọjọ́ mélòó kan, a ò tún ní rí i mọ́. Wọ́n nà án lórí ìlà àárọ̀ títí ó fi di ohun tí a ń retí, àwa náà sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ní ọdún kejì girama, kò wá mọ́. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó wọ báńkì wá. Èmi ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Mo fẹ́ẹ̀ pè é ní Ìsáǹsá, mo gbé e mì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pè é, orúkọ mi náà ni." Ìgbà yẹn ló wá sọ fún mi pé bàbá òun ń ṣòfì, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́ nígbà yẹn. Bí ọjà Ọ̀jẹ́ ní Ìbàdàn bá ti ń sún mọ́lé, òun ló gbọ́dọ̀ parí aṣọ. Owó aṣọ yẹn náà ni wọ́n fi ń ra ìwé òun. Ó ní, "Èmi ò sá rí. Ìdí òfì ni mo wà. Ẹ̀yin lẹ wà nínú igbó."

N kò rí èsì fọ̀. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo ìwé owó àwọn oníbàárà. Bí owó ẹnì kan bá ń lọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan náà ní gbogbo oṣù, a máa ń béèrè ìdí. Bí ẹnì kan bá ti wo rẹ́jísítà wa dáadáa, á ti rí i pé àwọn ọjọ́ tí ọmọ yẹn kò wá ń tò tẹ̀ lé ọjà bí òjìji. Ẹnikẹ́ni kò wò ó. A ti rí orúkọ fún un, orúkọ náà sì ti tó wa.

Òfin pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ọmọ lọ. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 sọ ọ́ di dandan kí òbí rán ọmọ lọ síléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Òbí tó bá kọ̀, ìkìlọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe fún un. Bí ó bá tún ṣe é, ó lè san ₦2,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Òbí ni òfin bá wí, kò bá ọmọ wí. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ti ń ta aṣọ kó tó lè ra ìwé, owó ìtanràn kò lè dá ọmọ rẹ̀ padà sí kíláàsì.

Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàárín wa lónìí. Ẹ lọ sí oko kajú nígbà tí kajú bá ń já, ẹ lọ sídìí òfì, ẹ lọ sọ́jà lọ́jọ́ tí iléèwé wà, ẹ ó rí wọn. Àwọn kan nínú wọn ń sá lóòótọ́, bí àwa náà ṣe sá. Àwọn mìíràn kò sá rárá.

Nítorí náà, mo ní àbá kan fún ẹgbẹ́ wa bí a ṣe ń wọ ọdún kọkànlá. Kí a ya owó ìtanràn ìpàdé sọ́tọ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú iléèwé kan ládùúgbò rẹ̀, kó bẹ ọ̀gá àgbà níbẹ̀ pé kí àwọn jọ wo rẹ́jísítà, kí wọ́n rí ọmọ tí àìwá rẹ̀ ń tò tẹ̀ lé ọjà tàbí oko, kí wọ́n sì lọ bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tó bá jẹ́ ìwé àti bàtà ló kù, kí owó ìtanràn rà á. Báyìí, àwa tí a ń pa ìpàdé jẹ á máa sanwó kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa pa iléèwé jẹ. Èmi ni n ó kọ́kọ́ san, akápò mọ iye tí mo jẹ.