Àkójọ Òfin Ìkọ́lé Nàìjíríà

Àkójọ Òfin Ìkọ́lé Nàìjíríà ni ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi la ìlànà sílẹ̀ lórí yíya àwòrán ilé, kíkọ́ ilé, àti ìtọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn bá ti ń gbé inú rẹ̀. Ọdún 1987 ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n ọdún 2006 ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i.

Agbára rẹ̀

Òfin ni wọ́n ń pe ìwé yìí, síbẹ̀ kò ní agbára òfin fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ tó wáyé láàárín Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìjọba àpapọ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pinnu pé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Nítorí náà, ó di ìgbà tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan bá sọ àwọn ìlànà náà di òfin kí wọ́n tó lè fi ìyà jẹ ẹni tó bá rú wọn níbẹ̀. Èkó ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2010, èyí tó dá àjọ LASBCA sílẹ̀ láti máa ṣàbẹ̀wò sí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́.

Ìpè fún àtúnṣe

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard, ní Ìkòyí, wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Irú ìjàm̀bá báyìí a máa mú kí àwọn onímọ̀ ìkọ́lé tún béèrè pé kí wọ́n ṣàtúnṣe ìwé náà, kí wọ́n sì mú un rọrùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ni wọ́n fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ bíríkìlà tó ń po símẹ́ǹtì ni ìlànà náà kàn jù.

Bí ìlànà ṣe lè rọrùn hàn nínú ọ̀rọ̀ símẹ́ǹtì. Ní ọdún 2014, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, àjọ SON tó ń rí sí òdiwọ̀n ọjà kéde pé rírẹ́ ògiri nìkan ni símẹ́ǹtì 32.5 wà fún, 42.5 ni kí wọ́n máa fi ṣe òpó, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù, 52.5 sì wà fún afárá. Ara àpò ni nọ́mbà náà wà, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá lè kà á. Ṣùgbọ́n nọ́mbà ara àpò kò lè sọ iye iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ símẹ́ǹtì náà. Alábẹ̀wò tó bá dé ibi iṣẹ́ nìkan ló lè yẹ ìyẹn wò.