Àìsàn Ìwárìrì Ìgbà Òjò ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà

Àìsàn yìí wà lára èyí tí ó rú àwọn onímọ̀ ìṣègùn lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá ni ó máa ń jà, ní agbègbè bí Iléṣà àti Ìkàrẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le lánàá yóò dédé máa bì, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní lè gbé e dúró. Bí ó bá rìn, yóò máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí.

Ní 1958, Wright àti Morley kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Orúkọ tí wọ́n fún un fi hàn pé wíwú ọpọlọ ni wọ́n fura sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun tún kọ nípa rẹ̀ ní 1972. Ní 1993 ni Adamolekun tọ́ka sí oúnjẹ: kòkòrò Anaphe venata, tí ó ń jẹ ewé igi arère, tí ó sì jẹ́ ìbátan kòkòrò tí a ń fi òwú rẹ̀ hun sányán. Àsìkò tí àwọn ènìyàn ń yan án jẹ ni àìsàn náà ń dé.

Ní 2000, àwọn onímọ̀ fi hàn pé èròjà kan wà nínú kòkòrò náà, thiaminase, tí ó ń ba fítámínì B1 jẹ́. Fítámínì yìí ni ọpọlọ fi ń lo oúnjẹ. Àmọ́ kòkòrò nìkan kọ́ ló ń dá ènìyàn wó. Ẹni tí ó ń fi oúnjẹ ẹ̀gẹ́ nìkan gbọ́ bùkátà ikùn kò ní fítámínì B1 púpọ̀ lára tẹ́lẹ̀. Bí ó bá wá jẹ kòkòrò náà pẹ̀lú ẹ̀bà púpọ̀, ìwọ̀nba tí ó kù yóò tán.

Ìwòsàn rẹ̀ kò wọ́n. Nínú ìdánwò tí Adamolekun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 1994, àwọn tí a fún ní fítámínì B1 tètè gbádùn ju àwọn tí oògùn wọn kò ní nǹkan kan nínú lọ. Ní ti ìdènà, ooru díẹ̀ kò lè pa agbára thiaminase, nítorí náà a gbọ́dọ̀ se kòkòrò náà jinná dáadáa. Ẹran ni ó jẹ́ fún aláìní. Ẹ̀wà àti oúnjẹ aṣaralóore mìíràn nínú abọ́ rẹ̀ ni ààbò tí ó tọ́jọ́ jù.