Ètò Aṣáájú Nínú Iṣẹ́ Ọlọ́pàá Ìlú New York, 1845–1902

Ìfáàrà
Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò ṣe olórí ọlọ́pàá ìlú ńlá kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè lásán. Ètò aṣáájú ni ó ń fi ẹni tí ará ìlú yóò dì mú hàn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Iṣẹ́ ọlọ́pàá New York, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1845, ni bébà yìí fi ṣe àpẹẹrẹ.

Aláṣẹ Méjì
Ní 1857, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gba àkóso ọlọ́pàá kúrò lọ́wọ́ ìlú, ó sì dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá mìíràn sílẹ̀. Fernando Wood, tí ó jẹ́ méyọ̀ ìlú, kọ̀ láti tú ti ìlú ká. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ méjèèjì fi kóńdó na ara wọn níwájú ilé ìjọba ìlú títí ọmọ ogun fi dé. Ní oṣù keje, ilé ẹjọ́ dá ìpínlẹ̀ láre. Ọdún 1870 ni àkóso tó padà sọ́wọ́ ìlú.

Ìgbìmọ̀ Ẹlẹ́ni Mẹ́rin
Ní 1894, ìgbìmọ̀ aṣòfin tí Clarence Lexow jẹ́ alága rẹ̀ tú àṣírí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láàrin àwọn ọlọ́pàá. Nígbà tí Theodore Roosevelt di alága ìgbìmọ̀ kọmíṣọ́nnà ní 1895, ẹni méjì méjì ni ó wá láti inú ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan, kí apá kan má baà jẹ gàba. Ṣùgbọ́n èdèàiyedè àárín òun àti Andrew Parker dá ìgbéga àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá dúró. Roosevelt fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1897.

Kọmíṣọ́nnà Kan Ṣoṣo
Òfin 1901 pa ìgbìmọ̀ náà rẹ́, ó sì fi kọmíṣọ́nnà kan rọ́pò rẹ̀. Ó tún pa ipò ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá rẹ́, kí William Devery, tí ó wà níbẹ̀, lè lọ. Michael Murphy, kọmíṣọ́nnà àkọ́kọ́, sì tún sọ Devery kan náà di igbákejì ara rẹ̀!

Ìgúnlẹ̀
Òfin nìkan kò lè fọ ilé mọ́. Síbẹ̀, ètò tuntun náà ṣe ohun tí ti àtijọ́ kò lè ṣe: ojú gbogbo ènìyàn wà lára ẹnìkan. Lẹ́yìn tí Seth Low wọlé ìbò méyọ̀ ní ìparí 1901, Murphy àti Devery kúrò lórí oyè ní 1902. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ló lè pé mẹ́fà. Àǹfààní olórí kan kì í ṣe pé kò lè ṣìnà, bí kò ṣe pé bí ó bá ṣìnà, kò ní ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù.