Àmì kẹ́míkà tí ń darí ọmọ ọ́ísítà

Àwọn èròjà tó yòrò sínú omi ni ọmọ ọ́ísítà, ẹran omi oníkarawun méjì, fi ń mọ ibi tó yẹ kó lẹ̀ mọ́. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló fi ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Nígbà tó bá fẹ̀ tó nǹkan bí 0.3 mìlímítà, ó ti ní ẹsẹ̀ kan àti ojú dúdú bíńtín. Ìgbà yẹn ló ń wá ibùdó, bó bá sì ṣi ibi yàn, ó gbé, nítorí kì í ṣí kúrò níbẹ̀ mọ́.

Omi tí àgbà ọ́ísítà ń gbé inú rẹ̀ máa ń fa ọmọ náà gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni bakitéríà tó bo ara karawun. Lára Crassostrea virginica ti Amẹ́ríkà, àwọn peptide kéékèèké (ègé purotéènì) tí arginine, irú amino acid kan, wà ní ìparí wọn ń mú kí ọmọ náà já wálẹ̀, kó na ẹsẹ̀, kó sì máa rákò yẹ ilẹ̀ wò. Amóníà náà lè fà á wálẹ̀. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tu ohun bíi sìmẹ́ńtì jáde, á sì fi karawun òsì lẹ̀ mọ́ ọn.

Lára Crassostrea gigas, ọ́ísítà Pàsífíìkì, kẹ́míkà L-DOPA ń mú ọmọ náà wá ibi tí yóò lẹ̀ mọ́, àmọ́ kẹ́míkà epinephrine ń sọ ọ́ di ọ́ísítà láìlẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Àwọn tó ń sin ọ́ísítà fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí, torí ọ́ísítà tó dá wà ló yá tà fún ilé oúnjẹ. Iṣẹ́ ńlá ni láti ya èyí tó so kọ́ra.