Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lójú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá dúró lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbá nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń darí sílé yóò gbọ́ bí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ti ń pe ibi tí ọkọ̀ wọn ń lọ: "Yábàá! Mùṣin! Sìtádíọ́ọ̀mù! Ìdí-Àràbà!" Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ibì kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í ṣe àlàyé, nítorí pé dáńfó kò ní dúró de àlàyé, ẹni tí ó sì ń gba ọ̀nà náà lójoojúmọ́ kò béèrè fún un. Ṣùgbọ́n kí ni kí ẹni tí ó gbé aláìsàn wá láti ìlú òkèèrè ṣe? Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ni ó ń wá. Igi àràbà ni orúkọ tí ó gbọ́ ń sọ̀rọ̀ bá, kò sọ ohunkóhun nípa ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí ẹnì kan nítòsí tí yóò sọ fún un pé, "Ẹ wọ ọkọ̀ yẹn, bàbá, Ìdí-Àràbà náà ni ilé ìwòsàn tí ẹ ń wá wà," ọkọ̀ yóò lọ, yóò sì fi òun àti aláìsàn rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìdúró.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òótọ́ ni òwe yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé inú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ lára ni ààbọ̀ ti ń di odindi. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn tí ó ń ṣe ojú ewé sórí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá ti bá ìṣòro yìí pàdé. Wọ́n dá ọgbọ́n kan sí i, èrò tèmi sì ni pé ọgbọ́n náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó nílò rẹ̀ jù lọ.

Lókè ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni a máa ń to àwọn orúkọ kéékèèké sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ líǹkì tí ń gbé òǹkàwé lọ sí ibòmíràn. Àyè ibẹ̀ kò gba gbólóhùn gígùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àlàyé pamọ́ sẹ́yìn orúkọ: bí òǹkàwé bá gbé ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà lé líǹkì náà, tí kò tí ì tẹ̀ ẹ́, gbólóhùn kan yóò yọ tí yóò sọ ibi tí ó ń lọ fún un. Bí ọfà bá kúrò, gbólóhùn náà a pòórá. Ńṣe ni ọfà náà ń rábàbà bí àwòdì lókè àgbàlá, nítorí náà "àlàyé arábàbà" ni n ó máa pè é níhìn-ín títí àwọn onímọ̀ èdè yóò fi rí orúkọ tí ó sàn jù. (Nígbà tí ìdìpọ̀ kìn-ín-ní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984, irú nǹkan báyìí kò tí ì sí lọ́dọ̀ wa tí a ó fi máa wá orúkọ fún un.)

Kò pẹ́ tí ọgbọ́n náà ti wà. Ní 1991, ilé-iṣẹ́ Apple fi irú rẹ̀ kan sínú System 7, àlàyé a sì máa yọ nínú àmì róbótó bí èyí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu ènìyàn nínú ìwé àwòrán. Ọdún kan náà ni Tim Berners-Lee gbé World Wide Web síta fún aráyé láti CERN, lẹ́bàá ìlú Geneva. Nínú ìlànà HTML 2.0 ti November 1995, a ti rí ọ̀rọ̀ náà title, tí a lè so mọ́ líǹkì. HTML 4.0 ti December 1997 sì jẹ́ kí á lè so ó mọ́ ohun gbogbo lójú ewé, àfi díẹ̀. Olùṣe ojú ewé yóò kọ title, yóò kọ gbólóhùn rẹ̀ tẹ̀lé e, iṣẹ́ parí. Ìrọ̀rùn yìí ni ó tan wọ́n jẹ. Wọ́n rò pé ọfà yóò máa wà lójú kọ̀ǹpútà gbogbo ènìyàn títí ayé.

GSM dé Nàìjíríà ní August 2001. Nígbà tí ó ṣe, fóònù tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú gba ìgboro, iPhone ti 2007 sì ni ó sọ irú rẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń fẹ́. Lónìí, fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wa fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ìka kì í sì í rábàbà. Yálà ó kan líǹkì tàbí kò kàn án. Bí ó bá sì ti kàn án, ó ti gbéra lọ nìyẹn. Ẹni tí ó jókòó sí Mùṣin pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ lè lo ojú ewé kan fún ọdún márùn-ún kí ó má mọ̀ pé àlàyé kankan wà lẹ́yìn àwọn orúkọ rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè darí ọfà, tí ó jẹ́ pé bọ́tìnnì ìtẹ̀wé nìkan ni ó ń tẹ̀. Ní ti afọ́jú tí ẹ̀rọ ń ka ojú kọ̀ǹpútà sí létí, nígbà mìíràn ẹ̀rọ náà yóò ka àlàyé náà, nígbà mìíràn yóò fò ó. W3C, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlànà wọ̀nyí, mọ̀ bẹ́ẹ̀: nínú WCAG 2.1 tí wọ́n gbé jáde ní June 2018, wọ́n ní àlàyé tí olùṣe ojú ewé bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti máa yọ báyìí kò gbọdọ̀ pòórá nígbà tí ọfà bá sún sí orí rẹ̀, àti pé òǹkàwé gbọ́dọ̀ lè lé e kúrò nígbà tí ó bá wù ú.

Yábàá ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Co-Creation Hub ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Herbert Macaulay ní 2011, Andela tẹ̀ lé e ní 2014, àdúgbò tí a mọ̀ mọ́ Yaba College of Technology láti 1947 sì di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń rọ́ lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wú mi lórí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n fi ń ṣe é, ọfà sì wà lójú rẹ̀: wọ́n gbé e lé líǹkì, àlàyé yọ, ọkàn wọn balẹ̀. Fóònù ni oníbàárà wọn mú dání. Ìyá tí ó ń wá ibi tí yóò ti san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ rí "Portal" lókè ojú ewé. Ẹnu ọ̀nà ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ibo? Bí wọ́n bá kọ "Sísan owó ilé-ìwé" síbẹ̀, kí ni ó kù tí àlàyé arábàbà yóò ṣe? Bí orúkọ kò bá sì lè gùn tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ àlàyé sí abẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, níbi tí ojú gbogbo ti lè tó o. Èyí tí ó tilẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni kí líǹkì máa jẹ́ "Kàn sí wa", kí àlàyé tí yóò yọ sì tún máa sọ pé "Kàn sí wa". Bí ẹni pé àlejò bi wá léèrè ohun tí ó wà ní Ìdí-Àràbà, a ní Ìdí-Àràbà ni.

Ti àmì ohùn tún ń bẹ níbẹ̀. Bí a bá kọ "Igba" láìlámì sórí líǹkì, ṣé igba owó ni, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí ìgbà tí ìpàdé yóò bẹ̀rẹ̀? Ó lè wu ẹlòmíràn kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà ní ṣákálá sójúde, kí ó wá fi àmì rẹ̀ sínú àlàyé arábàbà. N kò fara mọ́ ọn. Àmì ohùn kì í ṣe àlàyé; ara ọ̀rọ̀ ni, ìta ni ó sì yẹ kí ó wà.

Ní Súrùlérè, ọ̀nà tí à ń pè ní Western Avenue ti di Funsho Williams Avenue, ní ìrántí olóṣèlú tí wọ́n pa ní July 2006. Orúkọ tuntun ni ìjọba mọ̀; èyí àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu àwọn ará ọkọ̀. Bí ẹnì kan ní Yábàá bá ń ṣe ojú ewé tí yóò máa sọ ọ̀nà ọkọ̀ fún ará ìlú, tí ó kọ orúkọ tuntun sórí líǹkì, tí ó fi èyí àtijọ́ pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ará Súrùlérè yóò wo fóònù rẹ̀ títí, kò ní rí ọ̀nà iwájú ilé ara rẹ̀. Kí ó kọ méjèèjì síta.